Jígí Kì í Ba Ojú Jẹ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba fún Àwọn Ọmọ Ùsò

 

N kò ní fi ìtumọ̀ gba àkókò yín. Ẹ mọ ojú tí kì í rí ọ̀ọ́kán, ẹ sì mọ ojú ẹni ogójì ọdún tí kì í rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Jígí ló ń tún méjèèjì ṣe. Àyẹ̀wò ni kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ojú díwọ̀n bí a ti ń ríran, kí ó wọn agbára omi inú ẹyinjú, kí ó sì yẹ iṣan ìríran tó wà lẹ́yìn ojú wò. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn tó ń sọ pé jígí ń ba ojú jẹ́ jiyàn. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi, mo gbọ́ ọ láàárín àwọn olùkọ́, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gboyè ní yunifásítì: "Bó o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, o ò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́." Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹni ọdún méjìlélógójì ra jígí ìkàwé. Nígbà tó pé àádọ́ta, jígí yẹn kò gbé e mọ́, ló bá ní jígí ló ba òun lójú jẹ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ́ǹsì inú ẹyinjú ló ń le sí i lọ́dọọdún, ìbáà lo jígí, ìbáà má lò ó. Ẹ bi ojúgbà rẹ̀ tí kò fi nǹkan kan sójú rí bóyá ó ṣì ń rí lẹ́tà Bíbélì kà.

Wọ́n á ní ti ọmọdé yàtọ̀, pé ká fún un ní jígí tí agbára rẹ̀ kò tó, kí ojú lè máa ṣiṣẹ́. Ní 2002, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Malaysia jáde, lórí ọmọ 94 tí kì í rí ọ̀ọ́kán. Wọ́n fún apá kan ní jígí tó bá ojú wọn mu, wọ́n fún apá kejì ní èyí tí kò tó. Lẹ́yìn ọdún méjì, ojú àwọn tí wọ́n fún ní èyí tí kò tó ló burú sí i jù. Kí ni wọ́n tún fẹ́ wí?

Nígbà tí a wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì wa. Tó bá ṣi ohun tó wà lójú pátákó dà kọ, ẹgba ni. Olódo la pè é. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìsí ẹni tó yẹ ojú rẹ̀ wò. Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà níbí, ọmọ tó bá ń fún ojú pọ̀ kó tó rí pátákó, ẹ ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀, ẹ fi ẹgba sílẹ̀. Ojú tí kò ríran dáadáa ní kékeré, tí a kò tètè tún ṣe, jígí lè má ràn án mọ́ lágbà.

Ẹ ó ní àgbẹ̀ ni yín, kí lẹ fẹ́ fi jígí ṣe lóko. Ní Assam, nílẹ̀ Íńdíà, wọ́n kó àwọn 751 tó ń já ewé tíì jọ, àwọn tó ti tó ogójì ọdún. Wọ́n fún apá kan ní jígí, àwọn yòókù dúró ná. Èsì jáde ní 2018: iṣẹ́ àwọn tó gba jígí fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún gbéra ju ti àwọn tó ń dúró. Iṣẹ́ kòkó yín náà ń fẹ́ ojú. Nígbà òjò, ojú ló ń rí àmì dúdú bíńtín lára èso kí àrùn tó ran gbogbo igi. Ojú ló ń ka àlàyé ara ike òògùn kí a tó pò ó. Ojú ló sì ń wo òṣùwọ̀n nígbà tí ẹni tó ń ra kòkó bá ń wọn ẹrù yín.

N kò bá àwọn tó ń ta jígí ìkàwé lórí àtẹ jà, ó ń ran èèyàn lọ́wọ́. Àmọ́ alátẹ kì í wo ẹ̀yìn ojú, ibẹ̀ sì ni àrùn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, tí wọ́n ń pè ní glaucoma, ń gbé. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ àárín, ohun tó bá sì jẹ kò ní padà. Àwa adúláwọ̀ ló ń tètè mú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti pé ogójì ọdún, ó lé ní mẹ́rin tó fọ́jú. Glaucoma ló fa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ìfọ́jú náà.

Alága ti ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ẹ yé kán òògùn tí ẹ kò mọ̀ sójú. Àwọn dókítà ojú ní Federal Medical Centre, Ọ̀wọ̀, ti kọ̀wé lórí bí àwọn aláìsàn ti ń fúnra wọn lo òògùn kí wọ́n tó wá. Ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú ojú tí wọ́n pè ní Jigi-Bola ní 2001, wọ́n yẹ ojú wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fún èèyàn ní jígí. Ẹ béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wa ní Àkúrẹ́.

Ọ̀wọ̀ kò jìnnà. Ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún, kó máa lọ fún àyẹ̀wò lọ́dún méjì-méjì. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní glaucoma, lọ́dọọdún ni tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ùsò tó wà ní Èkó àti lókè òkun, kí ẹ tó dá owó aṣọ ẹbí ọdún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ san owó àyẹ̀wò ojú àwọn òbí yín.