Ọdún Márùn-ún Ni Bucks Máa Fi San Owó Lillard

Nínú group WhatsApp tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ pọ̀, ìjà kan wà tí kò tíì parí láti oṣù keje ọdún 2025: ṣé ó yẹ kí Milwaukee Bucks ní kí Damian Lillard máa lọ? Apá kan ní orí àwọn alákòóso ẹgbẹ́ náà ti dàrú. Apá kejì ní ọgbọ́n tó kù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná. Ní oṣù kẹrin, iṣan gìgísẹ̀ Lillard já nígbà tí wọ́n ń bá Indiana Pacers gbá a. Àdéhùn rẹ̀ ṣì ku ọdún méjì, owó tó kù sì lé ní mílíọ̀nù 110 dọ́là. NBA kì í ṣe ibi tí ọ̀gá ti máa ń lé òṣìṣẹ́ kó má sanwó. Òfin kan ni Bucks lò, stretch lorúkọ rẹ̀: wàá fa owó náà gùn dé ìlọ́po méjì ọdún tó kù, wàá tún fi ọdún kan lé e. Ọdún méjì wá di márùn-ún. Títí di 2030, nǹkan bíi mílíọ̀nù 22 dọ́là lọ́dọọdún á máa wọ inú ìṣirò owó agbábọ́ọ̀lù wọn, fún ẹni tí kò ní wọ aṣọ wọn mọ́. Lillard ti padà sí Portland nínú oṣù keje yẹn kan náà. Ó ń gba níbí, ó ń gba lọ́hùn-ún. Ẹ ò rí ayé!

Àyè tí wọ́n rí ni wọ́n fi mú Myles Turner láti ọ̀dọ̀ Pacers yẹn gan-an: ọdún mẹ́rin, ó lé ní mílíọ̀nù 100.

Kí ló ń lé wọn léré? Giannis ni. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí Adétòkunbọ̀ di Antetokounmpo nínú ìwé àwọn Gíríìkì. Bucks mú un ní ipò 15 nínú draft 2013. Ní 2021 ó gba ife fún wọn, àkọ́kọ́ láti 1971, póìntì 50 ló sì jẹ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lu Phoenix Suns gbà á. Ẹ̀rù pé ó lè ní òun ń lọ ló wà nídìí gbogbo ìpinnu wọn. Ní 2020, kó tó fọwọ́ sí mílíọ̀nù 228, wọ́n kó draft ìpele àkọ́kọ́ mẹ́ta fún New Orleans nítorí Jrue Holiday. Ìyẹn sanwó. Ní 2023, wọ́n fi Holiday kan náà pẹ̀lú draft 2029 pààrọ̀ Lillard. Portland ò dá Holiday dúró rárá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti dé Boston, Boston sì gba ife 2024. Bucks ńkọ́? Pacers lé wọn dànù ní ìpele àkọ́kọ́, 2024 àti 2025.

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bú Turner, ẹ rọra. Àgbẹ̀ tó ti se ẹ̀bù iṣu rẹ̀ jẹ, tí òjò bá rọ̀, gbèsè ló máa jẹ. Stretch yìí ni gbèsè náà. Ọdún 2023 ni wọ́n ti se ẹ̀bù.

Mo mọ èsì yín: ta ni ò ní ṣe gbogbo ohun tó bá lè ṣe kí Giannis má lọ? Àmọ́ ẹ wo àwa náà. Àwa tí à ń jí ní aago méjì òru l'Ékòó àti n'Íbàdàn, Giannis là ń tẹ̀ lé, kì í ṣe Milwaukee. Ọ̀pọ̀ wa ò lè tọ́ka sí ìlú ọ̀hún lórí máàpù. Lọ́jọ́ tó bá wọ aṣọ ẹgbẹ́ mìíràn, a ó ti pààrọ̀ jersey kílẹ̀ tó mọ́. Ó rọrùn fún wa láti máa pariwo pé kí wọ́n náwó. Ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Milwaukee ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ti bi group léèrè, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Àdéhùn Turner á parí ní 2029, owó Lillard á ṣì ku ọdún kan, draft 2029 sì ti lọ tipẹ́. Àwọn wo lẹ rò pé wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù fún Bucks ní sáà yẹn? Ẹ fi voice note ránṣẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.