Ọ̀nà Dé Ọ̀dọ̀ Àgbà Oníṣègùn fún Ẹni Tí Kò Ní



Ọdún 1957 ni a ṣí ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Àwọn tí ó mọ ìtọ́jú ọkàn, kíndìnrín àti ọpọlọ dunjú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àìlówó ń dá ọ̀pọ̀ aláìsàn padà sílé, láti lọ kú ikú tí ó ní oògùn.

Òfin ọdún 2022 pàṣẹ pé kí gbogbo ará Nàìjíríà wà nínú ètò adójútòfò ìlera, ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ nítorí àwọn aláìní. Ètò náà jọ àjọ, ṣùgbọ́n kì í yípo: ẹni tí àìsàn bá kọlù ni à ń ná an fún. Kí ẹ sì kíyèsí i: ilé-ìwòsàn tí a forúkọ sílẹ̀ sí ni a ó kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ ni a ó ti gba ìwé lọ sọ́dọ̀ àgbà oníṣègùn, àfi bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn opó àti aláìní àárín wa, kí a bá wọn forúkọ sílẹ̀ kí àìsàn tó dé. Nínú owó tí à ń dá síbi òkú, ẹ jẹ́ kí a yọ díẹ̀ fún alààyè.