Kíkọ Sílẹ̀ Kì í Ṣe Àrífín: Ọ̀rọ̀ Àtúnṣe Ilé Láàárín Ayálégbé àti Onílé Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

 

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ kò jìnnà sí wa. Púpọ̀ nínú wa ló ń gbé ilé tí a yá. Òrùlé ń jò, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru dákẹ́ nínú oṣù Kejìlá, ògiri yàrá ọmọ rin títí ó fi dúdú; síbẹ̀ à ń fara dà á. A ní àlejò ni wá. Bí onílé bá sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, a ní ẹ̀gbọ́n ni, kí a má ṣe sọ ohun tí yóò dùn ún. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti kìlọ̀: ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹrù onílé àti ẹrù ayálégbé. Gẹ́gẹ́ bí Òfin Onílé àti Ayálégbé ti 1985, bí àdéhùn ilé kò bá tó ọdún 7, onílé ló ni àtúnṣe òrùlé, ògiri, gọ́tà àti páìpù ìta. Òun náà ló ni àtúnṣe ohun tó ń gbé omi, gáàsì àti iná mànàmáná wọlé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti ẹ̀rọ tó ń mú ilé àti omi gbóná. Kò lè fi ìwé àdéhùn gbé ẹrù yìí lé ayálégbé lórí. Òfin 2018 fi kún un pé ilé gbọ́dọ̀ yẹ fún ènìyàn láti gbé. Bí kò bá yẹ, ayálégbé lè pe onílé lẹ́jọ́ fúnra rẹ̀. Ti ayálégbé ni kí ó lo ilé bí ọmọlúàbí. Bí ọmọ wa bá fọ́ fèrèsé, tàbí tí a fi òróró ìdáná dí síńkì, àwa ni a ó tún un ṣe. Ẹni tó yá yàrá kan nínú ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé kò ní gbogbo ààbò yìí. Kí ó kọ́kọ́ wádìí ipò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: ohun tó bàjẹ́ nínú ilé kò tíì di ọ̀ràn sí onílé lọ́rùn títí yóò fi mọ̀ nípa rẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ lẹ́nu nìkan, ó lè sẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ rí i. Ọ̀wọ̀ kò ní kí a má kọ ọ́. Ẹ lè kọ báyìí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ lórí fóònù láàárọ̀ yìí, omi ń jò láti òkè àjà yàrá ẹ̀yìn. Àwòrán rẹ̀ nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ wo ni oníṣẹ́ yóò wá?” Kò sí èébú níbẹ̀, ẹ̀rí ló wà níbẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé, èsì, àwòrán àti rìsíìtì. Bí onílé bá sì fi ìwé sọ fún yín ní wákàtí 24 ṣáájú pé òun fẹ́ wá wo ilé, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ má ṣe dá owó ilé dúró. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti san owó lórí ilé tó ń jò. Ṣùgbọ́n gbèsè owó ilé lè sọ olùfisùn di ẹni tí a ń lé jáde.

Bí onílé kò bá dáhùn ńkọ́? Ẹni tó yá ilé lọ́wọ́ aládàáni lè fi ẹjọ́ sun ẹ̀ka ìlera àyíká ti ìjọba ìbílẹ̀, tí Òfin Ilé ti 2004 fún lágbára láti pàṣẹ àtúnṣe. Ẹni tí onílé rẹ̀ jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ onílé yóò kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ wọn, lẹ́yìn náà kó lọ sọ́dọ̀ Housing Ombudsman lọ́fẹ̀ẹ́. Shelter àti Citizens Advice náà ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé onílé yóò lé àwọn láìsọ ìdí. Òfin 2025 lórí ẹ̀tọ́ ayálégbé fòpin sí irú ìléjáde bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onílé aládàáni, láti 1 oṣù Karùn-ún 2026.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní Rochdale, ọmọ ọdún 2 kan, Awaab Ishak, kú ní oṣù Kejìlá 2020. Ní 2022 ni ìwádìí ikú rẹ̀ fi hàn pé ohun tó hù lára ògiri ilé wọn nítorí ọ̀rinrin ló ba èémí rẹ̀ jẹ́. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún onílé láti 2017. Èsì tó gbà ni pé kó kun ọ̀dà lé e. Ọ̀dà kì í ṣe àtúnṣe. Orúkọ ọmọ náà ni wọ́n fi pe òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 27 oṣù Kẹwàá 2025: ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ onílé gbọ́dọ̀ kojú ewu pàjáwìrì láàárín wákàtí 24, kí wọ́n sì wádìí ewu ńlá tí ọ̀rinrin bá fà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fi ẹ̀sọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́, ẹ má sì dákẹ́ bí èsì bá pẹ́. Ilé á tura fún wa o. Àṣẹ.