Ojú Kọ̀ǹpútà Kì í Ṣe Rúlà

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

Ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ òru gba ibí wá, ẹ kú àìsùn o. A kò ní pẹ́.

Ọ̀rọ̀ kúẹ́rì tí wọ́n fún mẹ́ta nínú wa níbi tí a ti ń gé ọ̀rá ni a fẹ́ sọ. Wọ́n ní wọ́n ń gé ọ̀rá tóbi jù, wọ́n sì yọ owó nínú owó oṣù wọn. Ọ̀kan nínú wọn kò rí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ san tán lóṣù náà. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má sọ pé kò kàn yín. Ẹ mọ ohun tí mítà epo tó ń purọ́ lè fi ojú ènìyàn rí.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò: ètò àtijọ́ kan nínú kọ̀ǹpútà a ya àwòrán ọ̀rá sójú mọ́nítọ̀, pé bí ó ṣe tóbi gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò a gbé ọ̀rá tiwa lé e. Visual Basic 6, tí Microsoft gbé jáde ní 1998, ni wọ́n fi kọ ètò náà. Ọdún pẹ̀lú ọdún, kò sí ìjà. Oṣù tí wọ́n gbé mọ́nítọ̀ tuntun dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

A mú rúlà irin wọlé ní wákàtí oúnjẹ. Ọ̀rá tiwa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 géérégé. Àwòrán tí wọ́n pè ní 10 kò ju 9.4 lọ!

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa. Ètò náà kò mọ bí ojú mọ́nítọ̀ ti fẹ̀ tó. Àmì tín-ín-tìn-ìn tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì ni ó ń kà. Bí ó bá bi Windows léèrè, tí ẹnikẹ́ni kò sì yí nǹkan padà, Windows a kàn fojú bù ú pé 96 ló wà nínú ínṣì kan. Nítorí náà, sẹ̀ǹtímítà 10 di píksẹ́lì 378. Mọ́nítọ̀ àtijọ́ wa jẹ́ ínṣì 17, ó ní píksẹ́lì 1280 lórí 1024, ó sì ṣe kòńgẹ́ pé nǹkan bí 96 náà ló wà nínú ínṣì rẹ̀. Tuntun jẹ́ ínṣì 21.5, ó ní 1920 lórí 1080: ó lé ní 102 nínú ínṣì kan. Píksẹ́lì kéré sí i, àwòrán sì sún kì.

Àtúnṣe wà. Mọ́nítọ̀ ní ohun tó dà bí ìwé ìbí nínú, EDID ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ VESA ló fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní 1994. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́nítọ̀ ló ń kọ fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ síbẹ̀, ní sẹ̀ǹtímítà, àti ní mìlímítà níwájú díẹ̀. Windows ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. A lè kọ́ ètò àtijọ́ láti kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́ tán. Àwọn kan ń kọ irọ́ síbẹ̀: tẹlifíṣọ̀n mìíràn a pe ara rẹ̀ ní mìlímítà 160 lórí 90, bí ẹni pé ó kéré tó fóònù. Nítorí náà, ọwọ́ ènìyàn ni kí ó parí rẹ̀. Káàdì ATM tó wà lápò yín jẹ́ mìlímítà 85.6 ní gígùn, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é. Kí ètò ya káàdì sójú mọ́nítọ̀, kí a gbé ojúlówó lé e, kí a máa fà á títí yóò fi bá a mu. Láti ìgbà náà lọ, ó mọ ìwọ̀n.

A kò sọ pé ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò ṣe ìkà. Ohun tó rí ló sọ. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ni pé kí wọ́n fa kúẹ́rì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya, kí wọ́n dá owó padà pátá, kí rúlà irin sì wà lórí tábìlì yẹn títí wọn yóò fi tún ètò náà ṣe. Ọjọ́bọ̀ ni a ó rí máníjà. Bí ẹlòmíràn bá ti gba irú kúẹ́rì bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mọ́nítọ̀ tuntun ti dé, kí ó mú ìwé náà wá fún wa kí ó tó di Ọjọ́rú.