Iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà láàrin Ìlú: Óscar Romero ti San Salvador

Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà bá sọ pé olùṣọ́-àgùntàn ni bíṣọ́ọ̀bù, gbogbo ènìyàn ni ó máa ń gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata. Ibi tí àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ìkookò bá ti jáde, tí ó sì jẹ́ pé aṣọ ìjọba ni ìkookò náà wọ̀. Ṣé kí olùṣọ́-àgùntàn dúró sínú ṣọ́ọ̀ṣì kí ó máa gbàdúrà, kí ó sì fi ọ̀ràn ìlú sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú ni? Àbí kí ó jáde síta, kí ó sì pe ìkookò ní orúkọ tí ó ń jẹ́? Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ lálẹ́ òní nìyí. Ọkùnrin kan wà tí ó fi gbogbo ọdún mẹ́ta tí ó lò lórí oyè bíṣọ́ọ̀bù àgbà dáhùn rẹ̀. Óscar Arnulfo Romero ni orúkọ rẹ̀. San Salvador, olú-ìlú orílẹ̀-èdè El Salvador ní agbedeméjì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ìlú tí ó ti ṣiṣẹ́.

Orílẹ̀-èdè kékeré ni El Salvador. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 21,000 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Kọfí ni ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, ìwọ̀nba ìdílé díẹ̀ ni ó sì ni ilẹ̀ tí kọfí náà ń hù lórí rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ ni ń já a nígbà ìkórè, owó ọ̀yà wọn kò sì tó wọn jẹun. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí dìde ní ọdún 1932, ìjọba ológun pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Láti ìgbà náà lọ ni àwọn ológun ti ń ṣe àkóso, tí àwọn onílẹ̀ sì ń gbé lábẹ́ ààbò wọn.

Ọjọ́ 15 oṣù Ògún, ọdún 1917, ni a bí Romero ní Ciudad Barrios, ìlú kékeré kan láàrin òkè. Òṣìṣẹ́ ilé-ìfìwéránṣẹ́ àti tẹligíráàmù ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọmọ náà kọ́kọ́ lọ kọ́ kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí yóò di àlùfáà. Ìlú Róòmù ni ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti gba oyè àlùfáà ní ọjọ́ 4 oṣù Igbe, 1942. Nígbà tí ó padà sílé, ó fi ohun tí ó ju ogún ọdún lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú San Miguel. Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, olùfẹ́ ìwé àti àdúrà, ẹni tí ń pa òfin ìjọ mọ́ bí ojú. Àwọn àlùfáà tí ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ kò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí ó máa ń fura sí wọn pé wọ́n ń da òṣèlú pọ̀ mọ́ ìhìnrere. Nítorí náà, nígbà tí Póòpù Paul Kẹfà yàn án ní oṣù Èrèlè, 1977, láti rọ́pò Luis Chávez y González tí ó ti wà lórí oyè láti ọdún 1938, inú àwọn ọlọ́rọ̀ dùn, ojú àwọn àlùfáà wọ̀nyí sì rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n rò pé ẹni tí kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ni ó dé yìí.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn Romero bí ẹni pé òru ọjọ́ kan ni ó yí padà. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Láàrin ọdún 1974 sí 1977, ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní Santiago de María, ní àárín oko kọfí gan-an. Ibẹ̀ ni ó ti rí àwọn tí ń já kọfí tí wọ́n ń sùn síta gbangba nínú òtútù òru, tí ó sì ṣí ilé ìjọ sílẹ̀ fún wọn láti máa sùn. Ní oṣù Okúdù, 1975, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba wọ abúlé Tres Calles lóru, wọ́n sì pa àwọn àgbẹ̀ kan níbẹ̀. Romero lọ tu àwọn ẹbí wọn nínú. Lẹ́yìn náà ó kọ lẹ́tà sí Ààrẹ láti fi ẹ̀hónú hàn. Lẹ́tà abẹ́lẹ̀ ni. Ará ìlú kò gbọ́ nípa rẹ̀, kò sì sí ohun kan tí ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin lẹ́tà abẹ́lẹ̀ yìí àti ohun tí ó ṣe lẹ́yìn ọdún méjì ni gbogbo ìtàn rẹ̀.

Kò tí ì pé oṣù kan tí ó gorí oyè tí wọ́n fi pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àlùfáà ẹgbẹ́ Jésúìtì ni Rutilio Grande, Aguilares ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láàrin àwọn tí ń ro oko ìrèké. Ó ń kọ́ wọn láti máa ka Bíbélì pọ̀, kí wọ́n sì máa bi ara wọn léèrè ohun tí Bíbélì náà ń sọ nípa ìgbé-ayé wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ẹrẹ́nà, 1977, wọ́n yìnbọn pa á lójú ọ̀nà El Paisnal, pẹ̀lú bàbá arúgbó kan àti ọmọdékùnrin kan tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀. Romero lọ sí Aguilares ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó rí òkú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílẹ̀, ó sì rí àwọn àgbẹ̀ tí ó dúró yí wọn ká tí wọ́n ń wo ojú rẹ̀ pé kí ni yóò sọ.

Ohun tí ó sọ ni pé òun kò ní bá ìjọba ṣe ayẹyẹ kankan mọ́ títí wọn yóò fi wádìí ikú náà, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ: ní oṣù Agẹmọ ọdún náà, nígbà tí Ọ̀gágun Carlos Humberto Romero di Ààrẹ (àwọn méjèèjì kò bá ara wọn tan rárá), bíṣọ́ọ̀bù àgbà kò yọjú sí ibi ìbúra. Ó tún pàṣẹ pé ní ọjọ́ Ìsinmi tí í ṣe ọjọ́ 20 oṣù Ẹrẹ́nà, kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àgbègbè rẹ̀ wà ní títì, kí ìsìn Mísà kan ṣoṣo sì wáyé ní kàtídírà. Aṣojú Póòpù ní ìlú náà takò ó. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀, ènìyàn tí ó ju 100,000 lọ sì péjọ.

Yorùbá ní orúkọ kan fún rédíò: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Bí rédíò àti ìwé ìròyìn ńlá-ńlá ṣe rí fún àgbẹ̀ El Salvador nìyẹn ní àkókò náà. Ti àwọn olówó ni wọ́n, ohun tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí àgbẹ̀ kì í wọ inú wọn. Ìjọ Àgùdà San Salvador ní ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré tirẹ̀, YSAX. Ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, YSAX a máa gbé ìsìn kàtídírà sáfẹ́fẹ́. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ sọ pé ènìyàn lè rìn la abúlé já láìpàdánù ọ̀rọ̀ kan nínú ìwàásù Romero, nítorí kò sí ilé tí wọn kò ti ṣí rédíò sí i.

Ìwàásù náà gùn. Ó sábà máa ń ju wákàtí kan lọ. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ àlàyé lórí ẹ̀kọ́ Bíbélì ti ọjọ́ náà, bí olùkọ́ ti ń ṣàlàyé fún kíláàsì rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò ròyìn iṣẹ́ ìjọ: ìlú tí ó lọ ní ọ̀sẹ̀ náà, àwọn tí ó gba ìsàmì, ìjọ tí ó ń ṣe àjọ̀dún. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kan ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè. Yóò ka orúkọ àwọn tí wọ́n pa, àwọn tí wọ́n jí gbé, àti àwọn tí a kò mọ ibi tí wọ́n wà, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé wà lára wọn, nítorí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ lágbára ní ilẹ̀ náà, ìjọba sì kà á sí ọ̀tá. Ìyá tí ó ti ń wá ọmọ rẹ̀ láti àgọ́ ọlọ́pàá kan dé òmíràn, tí gbogbo wọn ń sọ fún un pé àwọn kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, yóò gbọ́ orúkọ ọmọ náà lẹ́nu bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Ó kéré tán, ẹnì kan ti jẹ́wọ́ fún gbogbo ìlú pé a bí ọmọ náà, ó sì wà láyé.

Bí ó ti ṣe ń rí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kó jọ ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fiyè sí. Kò gba àhesọ. Àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò àti akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan wà tí wọ́n ń ran àwọn aláìní lọ́wọ́ lábẹ́ orúkọ Socorro Jurídico. Romero sọ iṣẹ́ wọn di ti ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Àwọn ni ń gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn tí ọ̀ràn ṣẹ̀ sí, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòtù kì í fẹ́ẹ́ dá wọn lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ kì í ti ilẹ̀kùn. Àgbẹ̀, òṣìṣẹ́, akóròyìn láti òkè òkun, ìyá tí ń sunkún, gbogbo wọn ni ń wọlé tọ̀ ọ́ wá. Lẹ́tà ń rọ́ wọlé láti abúlé, òmíràn nínú wọn tí ọwọ́ tí kò mọ ìwé púpọ̀ kọ, ó sì ń fèsì. Báyìí ni asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe di ohun tí ń gba èsì: ohun tí àwọn ènìyàn bá sọ fún un láàrin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń gbọ́ padà ní ọjọ́ Ìsinmi. Kò gbé ààfin kankan. Ilé-ìwòsàn àwọn alárùn jẹjẹrẹ tí àwọn Sístà ń bójú tó, tí à ń pè ní Divina Providencia, ni ó fi ṣe ibùgbé, nínú ilé kékeré kan tí àwọn Sístà náà kọ́ fún un.

Àwọn tí ó ní ó gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kan kò ka gbogbo ohun tí ó sọ. Nígbà tí àwọn ajàjàgbara jí Mauricio Borgonovo, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, gbé ní ọdún 1977, tí wọ́n sì pa á, Romero ni ó ṣe ìsìn òkú rẹ̀, ó sì dá ìwà náà lẹ́bi. Ní ọjọ́ ìsìnkú náà gan-an ni wọ́n yìnbọn pa àlùfáà rẹ̀ mìíràn, Alfonso Navarro. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ológun sì gbàjọba ní oṣù Ọ̀wàrà, 1979, tí wọ́n ṣèlérí àtúnṣe, ó ní kí àwọn ènìyàn fún wọn láyè díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀ bínú sí i nítorí èyí.

Àtakò tí ó dùn ún jù wá láti inú ìjọ. Nínú àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ náà, Arturo Rivera Damas nìkan ni ó dúró tì í gbọin. Àwọn yòókù kọ̀wé ẹ̀sùn sí Róòmù. A kò gbọdọ̀ fi ojú òmùgọ̀ wo ìbéèrè wọn. Wọ́n ní bí bíṣọ́ọ̀bù bá bẹ̀rẹ̀ sí ka ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba lórí àga ìwàásù, ìjọ yóò pín, wọn yóò sì máa pa àwọn àlùfáà. Òtítọ́ ni, ìjọ pín, wọ́n sì pa àlùfáà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà abẹ́lẹ̀ ti Tres Calles ti fi hàn Romero pé ìdákẹ́jẹ́ náà ní iye tí ó ń náni, àgbẹ̀ ni ó sì ń san án. Ní oṣù Ẹ̀bìbì, 1979, ó rí Póòpù John Paul Kejì ní Róòmù, ó kó ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Nínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀, tí ó ń sọ sínú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ní alaalẹ́, ó ròyìn pé Póòpù gba òun níyànjú láti ní ìgboyà àti láti ṣọ́ra pẹ̀lú.

Ọdún 1980 kò fún un láyè púpọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Èrèlè, ó ka lẹ́tà tí ó kọ sí Ààrẹ Carter ti Amẹ́ríkà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má fi ohun ìjà ran ìjọba El Salvador lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, àdó olóró bú gbàù ní YSAX. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, wọ́n rí àpótí kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ti ṣe ìsìn ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ọ̀pá àdó olóró 72 ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 23 oṣù Ẹrẹ́nà, YSAX ti padà sórí afẹ́fẹ́, Romero sì bá àwọn ọmọ-ogun lásán sọ̀rọ̀ lójúkojú, àwọn tí í ṣe ọmọ àgbẹ̀ fúnra wọn. Ó rán wọn létí pé ẹ̀jẹ̀ wọn ni àwọn tí wọ́n ń pa, pé àṣẹ tí ó bá lòdì sí òfin Ọlọ́run kò de ẹnikẹ́ni, ó sì pàṣẹ fún wọn ní orúkọ Ọlọ́run pé kí wọ́n jáwọ́.

Ní ọjọ́ kejì, nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ó ń ṣe ìsìn Mísà fún ìrántí ìyá oníwèé-ìròyìn kan nínú ilé-ìsìn Divina Providencia. Ìwé ìròyìn ti kéde àkókò àti ibi tí ìsìn náà yóò ti wáyé. Ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìbọn kan ṣoṣo sì dún. Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, ọjọ́ 30 oṣù náà, àdó olóró bú, ìbọn sì dún láàrin èrò tí ó kún iwájú kàtídírà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kú. Ogun abẹ́lé tí ó tẹ̀lé e kò parí títí di ọdún 1992, nǹkan bí 75,000 ènìyàn ni ó sì bá a lọ. Ní ọdún 1993, ìgbìmọ̀ òtítọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ sọ pé Roberto D'Aubuisson ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n pa Romero. Ó ti kú ní ọdún kan ṣáájú. Póòpù Francis kéde Romero ní Ẹni Mímọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, 2018. Ọjọ́ ikú rẹ̀, ọjọ́ 24 oṣù Ẹrẹ́nà, ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì fi ṣe ọjọ́ ìrántí ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn láti mọ òtítọ́ nípa àwọn tí ìjọba fìyà jẹ.

Romero kì í kọ ìwàásù rẹ̀ sílẹ̀ tán. Àkọsílẹ̀ ṣókí ni ó máa ń mú lọ sórí àga. Ohun tí ó jẹ́ kí ìwàásù wọ̀nyí wà lónìí, tí a sì tẹ̀ wọ́n sínú ìwé, ni pé àwọn kan fi ẹ̀rọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Ẹrẹ́nà wà lára wọn: ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ó ṣe ṣókí ní ọjọ́ náà, àti ìró ìbọn tí ó tẹ̀lé e.