Káàdì Ìyá Àgbà: Ọ̀rọ̀ Olùdarí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ Níbi Ìpàdé Ìdàgbàsókè Ìlú

  

Lọ́dún tó kọjá, mo tẹ̀ lé ìyá mi àgbà lọ sí ilé ìwòsàn kan, n kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. A jókòó títí, wọ́n tú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tú páálí, wọn ò rí káàdì. Nọ́ọ̀sì wá béèrè oògùn tí wọ́n ń lò. Màmá ní, "Èyí tó funfun, tó kéré yẹn ni." Ẹ gbà mí o, oògùn tó funfun tó kéré mélòó ló wà láyé? Wọ́n ní ká ra káàdì tuntun. Ìtàn ọdún mẹ́fà lọ báyẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi tọrọ àyè lórí owó tá a fẹ́ ná sí ilé ìwòsàn ìlú. Àwọn kan ti mú ìwé wá pé àwọn á fún wa ní sọ́fítíwíà, ká máa sanwó lọ́dọọdún. Lọ́dún tí owó ẹgbẹ́ bá tán ńkọ́? Wọ́n á tilẹ̀kùn, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wa á wà nílé onílé.

OpenMRS ni mo fẹ́ ká lò. Open-source ni: àwọn tó kọ ọ́ ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó tún un ṣe. Ọdún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, látinú iṣẹ́ tí Regenstrief ti Indiana ń bá Yunifásítì Moi ṣe ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, níbi tí aláìsàn HIV ti pọ̀ ju ohun tí ìwé lè gbà. Wọ́n ti lò ó ní àwọn kíníìkì HIV ní Nàìjíríà níbí. Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé nǹkan òyìnbó ni: láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn OAU ní Ifẹ̀ àti ilé ìwòsàn wọn ti ń bá àwọn ará Kuopio ní Finland ṣe irú rẹ̀, èyí tó wá ń jẹ́ MINPHIS. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fún ní mọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ ṣì máa ra epo. Kò dìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà kó tó ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà kan nínú ilé ìwòsàn lè gba àkọsílẹ̀ dúró fún àwọn yòókù. Iná ni ìṣòro. A máa ra sólà àti bátìrì, ká sì máa ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ sí ibòmíràn, torí olè àti òjò.

Ẹnì kan dábàá pé kí àwa ọ̀dọ́ tẹ àwọn káàdì àtijọ́ wọ inú ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ọn. Kí ló kàn mí pẹ̀lú àìsàn ìyàwó aládùúgbò? Òfin ààbò dátà ọdún 2023 pàápàá ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó gba ìṣọ́ra. A lè fa wáyà, a lè kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní títẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù ni kó tẹ káàdì, torí tí ilé ẹ̀kọ́ wa bá ti wọlé, ẹ ò ní rí wa mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ká má fọwọ́ sí ìwé olówó ọdọọdún yẹn lónìí. Kí Alága kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ló ni ilé ìwòsàn. Ká wá fi ọ̀dọ̀ àwọn aláboyún bẹ̀rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí káàdì ìwé ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iye owó sólà àti bátìrì ti wà lọ́wọ́ Akọ̀wé.