Ìdin nínú Oúnjẹ Bíròílà

Adìẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ lórí ààtàn, ìdin ló ń wá, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bíròílà inú ilé nìkan la fi í dù.

Ìdin eṣinṣin tí wọ́n ń pè ní black soldier fly, tí a sá gbẹ, máa ń ní purotéènì tó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Ọ̀rá rẹ̀ ló tilẹ̀ wù mí jù: lauric acid ló pọ̀ níbẹ̀, irú èyí tó wà nínú àdín àti òróró àgbọn. Ó ń gbógun ti Clostridium, kòkòrò àìfojúrí tó ń ba ìfun adìẹ jẹ́.

Ẹ má kàn da ìdin yìí sílẹ̀ fún adìẹ bí àgbàdo o! Èèpo ìdin kì í tètè dà nínú adìẹ. Díẹ̀ nínú sóyà tàbí ẹja lílọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ìdin rọ́pò. Ìdin orí ìgbẹ́ ńkọ́? Ó lè gbé àrùn wọlé. Ẹ lè béèrè ìmọ̀ràn ní AMREC, ẹ̀ka tó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, Abẹ́òkúta.